Ibi Tí Etí Odò Wà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ta kókó, ó yí gbirigbiri, ó kọlu Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó kọlu Ẹtu àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fọwọ́ kan etí yín kí n rí i. Ó dáa. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Ní ọdún tí ọ̀dá dá, ewé gbẹ, oúnjẹ tán. Irúgbìn ẹ̀wà díẹ̀ ló kù fún Ẹtu. Bí òjò bá rọ̀ tí kò rí i gbìn, òun àti ọmọ rẹ̀ kò ní rí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ó bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ pọ̀ nínú igbó, bí òun kò bá sì padà ńkọ́? Nítorí náà, kó tó lọ já ewé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Irúgbìn wa wà létí odò. Má fẹnu kàn án o."

Àwẹ̀ró ro ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ kékeré ni, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó mọ etí: ẹ̀gbẹ́ orí ló máa ń wà, ihò sì wà nínú rẹ̀. Ó ti rí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi rí. Etí odò nìyẹn, kò tún sí òmíràn. Ti ẹnu tilẹ̀ rọrùn jù: kò ní jẹ ẹ́, kò ní lá a.

Ibi tó ti ń ro èyí ni Ìjàpá bá a. Ebi ti lu ikùn ọkùnrin yìí mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ti gbọ́ pé irúgbìn ṣì kù fún Ẹtu. Ó yin ọmọ títí, ó ní ìyá rẹ̀ ló rán òun wá wò ó bóyá kòkòrò ti wọ irúgbìn.

"Níbo ló ní ó wà, ọmọ dáadáa?"

"Létí odò, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má fẹnu kàn án o."

"Èmi kẹ̀? Ta ni n ó sọ ọ́ fún?"

Ìjàpá ní etí odò gùn, kó mú òun dé ojú ibẹ̀ gan-an. Àwẹ̀ró fà á lọ́wọ́ dé ìdí ihò. Kíá, Ìjàpá ki orí bọ̀ ọ́. Àṣé ilé Alákàn ni! Alákàn gbá imú rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìjàpá ké, ó ju apá, ó ju ẹsẹ̀.

Àánú ṣe Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Ìjàpá. Ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀ náà lára. "Pẹ̀lẹ́, odò. Bàbá, ẹ yọ orí yín. Màámi ní a kì í ki nǹkan bọ etí."

Ẹtu gbọ́ igbe, ó sáré dé. Ó wo abẹ́ igi tó bo irúgbìn sí, níbi tí omi ti pàdé ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tú u.

"Màámi, n ò fẹnu kàn án rárá," ni Àwẹ̀ró wí.

Ẹ̀rín pa Ẹtu, omijé sì tẹ̀lé e. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra pẹ́.

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún ọ, ọmọ mi," ló wí. "Ìwọ lo fúnra rẹ wá àbọ̀ tó kù."

Nígbà tí Alákàn jọ̀wọ́ Ìjàpá, ó sá lọ; láti ọjọ́ náà ló ti ń fa orí wọlé tó bá gbọ́ ohùn ọmọdé. Ìdí sì nìyí tí ìyá tó bá rán ọmọ níṣẹ́ fi ń bi í pé, "Kí lo gbọ́?" kó tó jẹ́ kó lọ.

Àlọ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ọbẹ̀ mi má ta sánsán lọ́la.

Ó yá, ẹ̀yin ọmọ: kí lẹ gbọ́?