Abọ́ Mẹ́fà Àwẹ̀ró

"Iná kì í dúró de ẹni tó ń gé àlùbọ́sà." Bí ẹ bá ti gbé ní agbègbè wa rí, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà kan, bóyá ní ìpàdé ìjọ, bóyá níbi tí àwọn ẹbí ti ń dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá? Àwọn kan rò pé òwe àtayébáyé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé ìdáná wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa á, ní ọ̀sán Sátidé kan, èmi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, bàbá mi ń kọ́ kíláàsì wa ní ìṣirò. Tíṣà Ọlátẹ́jú ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, orí ìjókòó kejì ni mo sì wà. Pásítọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ìyá mi, Àwẹ̀ró, ti wà ní ọsibítù láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, nítorí náà kò sí ẹni tó ní láti sọ̀rọ̀. Bàbá mi wo ojú Pásítọ̀ títí. Ìṣirò tó wà lójú pátákó kù díẹ̀ kó parí. Ó yíjú padà, ó kọ ìdáhùn rẹ̀, ó fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá di ọwọ́ mi mú, a sì lọ sílé.

Ogójì ọjọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ fi gbé oúnjẹ wá fún wa. Lọ́jọ́ tí ó pé ogójì, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wọ ọkọ̀ wá láti ìlú wọn. Ó jókòó, ó mu omi, ó sì sọ ohun tó bá wá.

"Tíṣà, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ."

Èmi àti Mopé, àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mopé di aṣọ mi mú.

"Màmá, ọmọ mi ni wọ́n," ni bàbá mi wí.

"Ta ló ní wọn kì í ṣe ọmọ yín? Ṣùgbọ́n ṣé ṣọ́ọ̀kì ni wọn yóò máa jẹ ni? Ọdún méjìlá tí ẹ fi fẹ́ ọmọ mi, ìgbà wo lẹ fọwọ́ kan ìkòkò, bí kì í bá ṣe láti ṣí i wò bóyá ẹran wà níbẹ̀?"

Òótọ́ ni, bàbá mi kò sì jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀bẹ̀ fún oṣù kan péré. Ìyá Àgbà ní kó dìde.

"Mo gbọ́. Oṣù kan. Ṣùgbọ́n n kò ní í sọ ọjọ́ tí n óò wá. Ọjọ́ tí mo bá dé tí mo bá àwọn ọmọ mi nídìí gààrí tútù lọ́sàn-án gangan, mo ń kó wọn lọ nìyẹn."

Ohun tí ìyá mi máa ń sè fún wa ní ọ̀sán Sátidé ni bàbá mi yàn láti fi bẹ̀rẹ̀. Indómì ni, tí a fi ẹran lílọ̀, ata àti ewébẹ̀ dín pọ̀ nínú agbada. A máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wo ìyá mi, kí a sì tó rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ń bù ú sínú àwo. "Oúnjẹ tí kì í pẹ́ kò lè ṣòro," ni bàbá mi wí. "Bí mo bá mọ ọ̀kan, n óò mọ èkejì."

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó ra ẹran màlúù tó dára, ó sì lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí, èyí tí ìyá mi máa ń dè mọ́ etí tábìlì. Ó tan sítóòfù. Ó da òróró sínú agbada, ó da ẹran sí i, ariwo sì sọ ṣàà. Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àlùbọ́sà. Ó rí àlùbọ́sà, kò rí ọ̀bẹ. Nígbà tí ó rí ọ̀bẹ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, kò sì rí ohun tó ń gé mọ́. Kí ó tó gé ìdajì, èéfín ti gba gbogbo ilé.

Mopé fi ṣíbí tú àwo rẹ̀ wò. "Bàbá mi, ṣé èédú náà wà lára ẹ̀ ni?"

"Jẹun, ọmọ mi," ni bàbá mi wí. "Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò dára ju èyí lọ."

Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù iná ti ń bà á, ó rẹ iná náà sílẹ̀ jù, ẹran kò dín mọ́, ńṣe ló ń bọ̀ nínú omi ara rẹ̀. Ó ti da omi gbígbóná sórí indómì kí ó tó rántí pé kò sí ata rodo nílé. Ó rán mi. Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi dé, indómì ti wú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n pò fún ọmọ ọwọ́, epo òyìnbó inú sítóòfù sì ti gbẹ. Gààrí la mu lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá lójú títì ni bàbá mi ń gbé orí sókè. Àwa náà ń gbé e sókè.

Nígbà tí a palẹ̀ mọ́, ó pè wá sí ìdí tábìlì, ó bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ́ kíláàsì.

"Ẹni tó bá ṣi ìṣirò kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kí ó padà lọ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni ìyá yín máa ń ṣe tí èmi kò ṣe?"

Mo ní bóyá iyọ̀ ni. Mopé mi orí.

"Màmá kì í tètè tan iná," ló wí. "Wọ́n máa ń to àwọn abọ́ wọn ná."

Gbogbo wa la mọ àwọn abọ́ náà. Mẹ́fà ni wọ́n, kéékèèké, funfun, pẹ̀lú ìlà búlúù létí. Àlùbọ́sà ló ń gba ọ̀kan, ata rodo pẹ̀lú áyù àti atalẹ̀ ń gba ọ̀kan, kárọ́ọ̀tì ọ̀kan, kábéèjì ọ̀kan, ẹran lílọ̀ ọ̀kan, iyọ̀ àti kọ́rì àti táìmù nínú èyí tó kẹ́yìn. Bí ìyá mi bá ti tò wọ́n tán, bàbá mi á yọjú láti pálọ̀, á ní, "Àwẹ̀ró, ọjà wo lò ń pàtẹ yìí? Èló ni ti àlùbọ́sà?" Ìyá mi á dáhùn láì gbójú sókè, "Ẹ ò lówó ẹ̀."

Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti lọ, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n wà lórí pẹpẹ òkè bí ó ṣe tò wọ́n léra, eruku ti bò wọ́n. Bàbá mi dìde, ó gbé àga, ó gùn ún, ó sì kó wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Áńkáṣífì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló fi nù wọ́n. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó jókòó tì wọ́n, kò sì dìde bọ̀rọ̀.

Ní Sátidé kẹta, a jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì láàárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Ó ń gé kárọ́ọ̀tì bí ẹni ń fi rúlà wọ̀n ọ́n. Oòrùn ti dé àárín ọ̀run, abọ́ márùn-ún ti kún, ó ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́, nígbà tí a gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé o, ará ibí!"

Ìyá Àgbà ni. Àpò ńlá kan tó ṣófo wà ní abíyá rẹ̀. Èmi àti Mopé mọ ohun tí àpò náà wà fún.

"Kí ni àwọn ọmọ mi jẹ lọ́sàn-án?"

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. À ń sè é lọ́wọ́."

Ìyá Àgbà wọ ilé ìdáná, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan sítóòfù. "Nínú sítóòfù tó tutù bí imú ajá yìí? Tíṣà! Oòrùn ti wà lórí, iná ò tíì jó, ẹ jókòó ẹ ń gé àlùbọ́sà bí ìyàwó tuntun! Ìbídùn, mú ìṣáná yẹn fún mi. N óò dá iná náà fúnra mi."

Mo mú ìṣáná, ṣùgbọ́n n kò tíì fún un. Bí iná bá jó nísinsìnyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé méjì ni yóò tún ṣẹlẹ̀, lójú Ìyá Àgbà, àpò náà yóò sì kún. Ẹ sì mọ̀ pé àna kì í wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ kó ní rárá. Bàbá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, láàárín èèpo àlùbọ́sà. Nígbà tí ó gbé orí sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ ti àlùbọ́sà nínú rẹ̀.

"Màmá, tótó, ó ṣe bí òwe: iná kì í dúró de ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gé e tán ná."

Bí ọmọdé bá pa òwe lójú àgbà, tí ó sì tọrọ gáfárà bẹ́ẹ̀, àgbà a máa dá a lóhùn pé yóò pa òmíràn. Ìyá Àgbà kò dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

"Òwe ta ni yẹn?" ló bèèrè. "Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, n kò gbọ́ ọ rí."

"Òwe ọmọ yín ni, Màmá. Kò fi ẹnu pa á. Ọwọ́ ló fi ń pa á lójú mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo orí tábìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló ra àwọn abọ́ náà mọ́ ẹrù ìyàwó. Ó fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó. Kò bèèrè ìṣáná mọ́.

Bàbá mi gé àlùbọ́sà náà tán, ó fọ ọwọ́, ó wo abọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ọ̀kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìbídùn, ìṣáná." Ó ṣá a. Mo da omi gbígbóná inú fúláàsì sórí indómì, mo dé e. Òróró gbóná, ẹran wọlé, ó rò ó títí omi fi gbẹ, tí ó pọ́n, tí ó sì ń ta sáńsán. Àlùbọ́sà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ata, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì. Kò wá nǹkan kan. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá nà sí ni abọ́ wà. Ó sẹ́ indómì, ó dà á sí i, ó wọ́n iyọ̀ àti kọ́rì, ó rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó pa iná. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn kan nígbà tí ẹran wọ agbada, bóyá ẹ ò tíì kọ ẹsẹ rẹ̀ tó kẹ́yìn tán.

Ìyá Àgbà wo àwo tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. "Aràn wo lẹ fẹ́ fún mi jẹ yìí?"

"Kì í ṣe aràn, Ìyá Àgbà!" Mopé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́ títí tí ṣíbí fi ń ró lórí àwo, kò sì yìn ín, àfi pé ó ní ata rẹ̀ tó. Nígbà tí mo fẹ́ kó àwọn abọ́ lọ fọ̀, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Òun ló fọ̀ wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ nídìí èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó ká àpò tó ṣófo sí mẹ́rin, ó fi sí abíyá.

"Kí wọ́n wá bá mi ṣe ọdún Kérésì," ló wí. "Kí wọ́n sì padà wá bá yín." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó dúró. "Tíṣà."

"Màmá."

"Òwe yẹn. Ẹ ó pa òmíràn."

Ìyá Àgbà ló gbé òwe náà lọ sí ìlú wọn. Ibi ìpàdé ẹbí kan ló ti kọ́kọ́ pa á, níbi tí wọ́n ti fẹ́ dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún ọmọkùnrin kan tí kò tíì ní yàrá. Láti ibẹ̀ ló ti ń rìn. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, oníwàásù àlejò kan pa á nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ní àwọn baba ńlá wa ló ni ín. Bàbá mi wò mí láti ìjókòó rẹ̀, ó fi ìwé orin bo ẹnu.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà kì í fi bá ọ̀lẹ wí. Ẹni tó ń kánjú ni wọ́n ń pa á fún, ẹni tó ti fẹ́ dáwọ́ lé ohun tí kò ṣeé dá dúró bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì kó ohun tí yóò fi ṣe é jọ. Wọ́n tún máa ń pa á láti gbèjà ẹni tí ayé rò pé ó ń jáfara, ṣùgbọ́n tó ń pèsè sílẹ̀. Oṣù tó kọjá ni a sin bàbá mi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Mopé wọ ilé ìdáná rẹ̀. Abọ́ márùn-ún ló kù. Ọ̀kan ti fọ́ tipẹ́, a sì fi ife kan rọ́pò rẹ̀. Mopé di ìṣáná mú, ó dúró. Mo to àwọn abọ́, mo mú ọ̀bẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà.