Tíṣà tó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi

Ọkùnrin kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Lẹ́yìn ìlú rẹ̀, igbó ńlá kan wà tí ìjọba fi òfin dè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó la ọ̀nà sí i. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ pé odò kan ń ṣàn jáde láti inú àpáta láàárín igbó náà. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó kú.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ní kí òun sìn ín lọ. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ogójì ọdún ni mo fi ń fi ọ̀nà han ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé èmi ló wá yẹ kí wọ́n máa fà lọ́wọ́ kiri?" Ó yọ páálí ṣọ́ọ̀kì kan nínú àpò. Igi tó bá ti kò lọ́nà, á sàmì sí i lára, á sì kọjá.

Ó rí odò náà lóòótọ́. Ó bu omi rẹ̀ mu, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀. Nígbà tó yíjú padà sọ́nà ilé, kò rí àmì kankan. Gbogbo igi tó kọjú sí i ló mọ́ tónítóní. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹlẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó fara ti igi kan, ó ń ro ìyàwó rẹ̀ tí yóò ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, tí yóò máa wo ojú ọ̀nà.

Ẹ̀ṣọ́ igbó retí rẹ̀ títí, kò rí i kó jáde, ló bá wá a wọ inú igbó. Kò bú u. Ó kàn mú un yí igi tó fara tì náà po. Àmì ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó funfun báláú.

Ó ní, "Tíṣà, àmì yín ni mo tẹ̀ lé dé ibí. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ rí nígbà tí ẹ ń bọ̀ lẹ sàmì sí. Èyí tí ẹ máa rí nígbà tí ẹ bá ń padà ńkọ́?"

Tíṣà dá páálí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ padà sínú àpò. Ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ kó kúrò nílé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́la, o sì ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí o máa sọ fún un sílẹ̀. O kà wọ́n fún mi, wọ́n mú bí abẹ. N ò ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, èwo ni o máa rí tẹ̀ lé lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ padà wálé? Lọ wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀ mọ́ wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.