Ẹjọ́ Eré Tí Akàn Dá Létí Ọ̀sà

Nígbà láéláé, tààrà ni Akàn ń rìn, ojú rẹ̀ sì wọ inú orí bíi tiwa. Ó ń gbé inú omi, ó ń gbé orí ilẹ̀. Níbi méjèèjì ni wọ́n ti ń pè é ní ọmọ ilé.

Ní ọjọ́ kan, Baálẹ̀ etí ọ̀sà ń wá ẹni tí yóò máa jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹtu ní òun ni. Ọkọ̀ Ìgbòkun náà ní òun ni.

"Ìwọ tí o kò lẹ́sẹ̀?" Ẹtu bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tí o máa ń mí hẹlẹhẹlẹ kí o tó dé ìdí àgbọn kejì ńkọ́?"

Baálẹ̀ ní kí wọ́n sáré dé ẹnu odò, ọ̀kan lórí iyanrìn, ọ̀kan lójú omi. Ó fi Akàn ṣe adájọ́.

"Ẹni tí eré rẹ̀ bá le jù ni kí o dárúkọ. Bí o bá ṣègbè, omi kò ní gbà ọ́, ilẹ̀ kò sì ní gbà ọ́."

Akàn bá wọn sáré. Bí ó bá wo Ẹtu, Ọkọ̀ a bọ́ mọ́ ọn lójú. Bí ó bá wo Ọkọ̀, Ẹtu a ti kọjá. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò mọ ẹni tí eré rẹ̀ le jù.

"Ẹ wò ó! Omi ló ń wò ṣáá!" Ẹtu kígbe.

"Irọ́ ni! Ìrù tìrẹ ló tẹjú mọ́!"

Akàn bẹ̀ wọ́n. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sá."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjú sí omi, ó kẹ́yìn sí ilẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ sáré. Ó na ojú méjèèjì jáde kúrò nínú orí, títí ọ̀kan fi ń wo iwájú, tí èkejì ń wo ẹ̀yìn. Ó rí Ẹtu tí ó ta bí ọfà, tí ó sì rọ̀ kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà. Ó rí Ọkọ̀ tí ó ń wọ́ títí atẹ́gùn fi kún aṣọ rẹ̀, tí ó wá ń la omi bí ọ̀bẹ.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa," ni ó wí. "Bí a bá fi ibi tí eré olúkúlùkù ti le jù wé ara wọn, Ẹtu ló yá jù. Ṣùgbọ́n eré náà kì í pẹ́ lára rẹ̀. Ti Ọkọ̀ a máa pẹ́, àmọ́ atẹ́gùn ló ni ín. Ibi tí mo lè rí i dé nìyẹn."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fún Ẹtu ní iṣẹ́ ìtòsí, ó fún Ọkọ̀ ní iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tí ó kùn.

Akàn fẹ́ máa lọ sílé tààrà, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó fẹ́ fa ojú wọlé, ojú kọ̀.

"Adájọ́, ọ̀nà ilé kọ́ nìyẹn o!" Ẹtu fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Yóò kúkú dé ibẹ̀," ni Akàn wí. Iyanrìn gbà á, omi náà gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni akàn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tí ojú rẹ̀ sì yọ síta. Bí o bá bá a pàdé létí ọ̀sà, yóò dúró díẹ̀, ojú kan síhìn-ín, ojú kan sọ́hùn-ún, bí ẹni pé kò tíì dá a lójú tán pé ẹjọ́ òun tọ́. Lẹ́yìn náà, yóò rọra wọ ihò rẹ̀ lọ, níbi tí omi àti ilẹ̀ ti pàdé.