Ipa Ìyá Ìgbín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ mi rọra wọ́ bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ìgbín.

Nígbà tí ọ̀dá dá, àwọn ẹranko fẹ́ kí omi odò ṣàn wọ abúlé. Òkété gbẹ́ kòtò tóóró láti etí odò. Ọ̀bọ to ọparun tẹ̀ lé kòtò náà kí omi lè gba inú rẹ̀. Ìkán mọ àmù ńlá sí àárín abúlé. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì léèrè nǹkan kan.

Wọ́n ṣí omi, kò dé. Òkété gbẹ́ tirẹ̀ jìn sí i. Wọ́n tún ṣí i, kò dé. Ọ̀bọ fi ọparun kún tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, inú igbó ni omi dà sí.

"Tèmi dára!" ni Òkété ń pariwo.

"Tèmi ńkọ́?" ni Ọ̀bọ wí.

Ìkán ní àmù òun ò jò.

Òùngbẹ ti lé àwọn ọmọ Ìyá Ìgbín wọnú ìkarawun. Ìyá wọn bá wọ́ láti odò dé ìdí àmù, ó ń kọrin:

Omi dà o?
*Ó ń bọ̀ lọ́nà.*
Níbo ló yà sí?
*Ó ń bọ̀ lọ́nà.*

Ó sọ fún Òkété, Ọ̀bọ àti Ìkán pé, "Ẹ tọ ipa mi."

Wọ́n tọ ipa tó ń dán náà. Kòtò ti jìn ju ẹnu ọparun lọ. Ọparun sì ti gùn kọjá àmù.

"Iṣẹ́ yín dára," ni ìyá wí. "Ibi tí àwọn iṣẹ́ náà ti pàdé ni kò lẹ́ni tó ń wò ó."

Wọ́n tún un ṣe, omi dé. Ìyá Ìgbín rọra kan ìkarawun àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì yọ orí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ipa tó ń dán lára ògiri lówùúrọ̀, ẹ má nù ún o. Ìyá kan ló ń wò ó bóyá omi á dé ọ̀dọ̀ yín.