Ìdajì Orí Onílé

Lọ́dún tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Láṣebíkan, abẹ ìfárí bàbá rẹ̀ nìkan ló kù fún un. Ẹnikẹ́ni ò yà kí i mọ́. Ó lọ bẹ Alàgbà Ṣówándé, onílé tí àdúgbò ń bẹ̀rù, fún ṣọ́ọ̀bù tí yóò ti máa fárí. Baba ní kó mú oníbàárà wá kóun tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Láṣebíkan ní, “Ẹ jókòó níta yìí, sà, kí n fárí yín lọ́fẹ̀ẹ́.” Ó fá apá ọ̀tún kodoro, ó nu abẹ, ó dúró. Baba ní, “Òsì ńkọ́?” “Oníbàárà tí ẹ ní kí n mú wá rèé, sà. Inú ṣọ́ọ̀bù ni n ó ti parí ẹ̀.” Baba wo èrò ọ̀nà, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó fárí baba tán, tí baba lọ, Láṣebíkan gbá irun dànù, ó ní, “Ta ló kàn?” Ojú tirẹ̀ nìkan ló ń wò ó nínú dígí.