Àwọn Igi Tí Ọdẹ́jìmí Ṣá

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tí ìyà jẹ lájò ló kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ yìí yọ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí àjò dùn mọ́ ju oyin lọ ni, ó sì ti kú kí wọ́n tó sọ ọ́ dòwe.

Ọdẹ́jìmí ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá wọ igbó, ó di ọjọ́ kẹsàn-án. Ó mọ ohùn ẹyẹ, ó mọ ibi tí omi ti ń sun lẹ́ẹ̀rùn. Bí ó bá sì délé, àgbálùmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí ó tó sọ ẹran kalẹ̀. Òun ni í wẹ Àìná, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, òun náà ni í pọ̀n ọ́n káàkiri àdúgbò. Àwọn ọdẹ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọdẹ apọnmọ!" Ẹ̀rín ni yóò rín.

Síbẹ̀, ohun kan ń jẹ Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn. Ní gbogbo ọjọ́ tí òun fi ń wo ọ̀nà, ṣé ọkọ òun ń rántí ilé? Kò bi í rí tí ibà ọjọ́ mẹ́ta fi mú Ọdẹ́jìmí lọ.

Nígbà tí ó ku kí wọ́n sin ín, Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ, ní, "Ìdí ìrókò tó máa ń pàgọ́ sí ni kí ó sùn. Igbó ló fẹ́ràn jù."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, yàrá rẹ̀ ni kí ẹ sin ín sí. Bí ẹ bá gbé e lọ síbẹ̀, níbo ni Àìná yóò ti máa kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀?"

"Ìyàwó, ta ló mọ̀ ọ́n nínú igbó, àwa àbí ìwọ?"

 Àwẹ̀ró ní òun yóò bá wọn lọ wo ibẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Olúọdẹ, ó gbà.

Wọ́n rìn títí. Àwẹ̀ró ń wo igi, ó ń wo ewé, kò rí ohunkóhun tó jọ ti ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ìrókò yọ lókèèrè, ó dúró. Ó yíjú padà sí ọ̀nà ilé, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ló ti rí i: igi lẹ́yìn igi, gbogbo wọn ló ní ojú àdá lára, ní ìhà tí ẹni tó ń wọ igbó kò lè rí.

"Bàbá, kí lèyí?"

Olúọdẹ fi ọwọ́ pa ojú àdá kan, ó ní àdá Ọdẹ́jìmí ni. Ìhà méjèèjì ni ọdẹ ń ṣá igi, kí ó lè mọ̀nà lọ, kí ó sì mọ̀nà bọ̀. Ọdẹ́jìmí kò ṣá ti àlọ rárá.

"Kò ka àlọ sí," ni bàbá náà wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ibi tí igbó bá gbé e dé, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀nà ilé nìkan ni kò fẹ́ ṣì. Ogún ọdún la fi ń gba ibí bọ̀, a ń rí i, a ò rò ó."

Àwẹ̀ró fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti igi náà. Ó ṣì ń sunkún, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Olúọdẹ kọjú sí àwọn tó gbé ọkọ́ dání. "Ẹ yí padà. Yàrá rẹ̀ la ó gbẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé."