Apẹ̀rẹ̀ Ẹnu Ọ̀nà Kíláàsì

Oorun kò kun ojú Ìbídùnmọ́yè mọ́, nígbà tí a da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún fún un. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ ń tú lọ. Ẹ̀ka ti Ìlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ka ti Ìkìrun wà lọ́wọ́ Ọlátẹ́jú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Níbi méjèèjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ láìdágbére. Bí sáà tuntun bá wọlé tí kíláàsì ṣófo, ilé ẹ̀kọ́ yóò kógbá sílé, ẹ̀rù èyí sì ń bà á gidigidi.

Ìyá Ọ̀ṣunyẹmí, arúgbó olóòṣà, wo owó ẹyọ títí.

“Odù Òdí ló yọ. Ọmọ mi, kí ló ń ké lẹ́nu ọ̀nà rẹ tí ẹnikẹ́ni kì í dá lóhùn?”

“Kò sí, Ìyá. Àfi fóònù àwọn ọmọ. Òfin bàbá wa ni pé kí wọ́n fi í sínú apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.”

“Ta ló ń pè wọ́n?”

Ìbídùnmọ́yè kò béèrè rí.

“Ẹyẹlé méjì, obì àti oyin ni ẹbọ yín, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ wọ kíláàsì, kí àwọn ọmọ máa dáhùn. Bí ẹ bá rú tàkọ́kọ́ tí ẹ fi èyí sílẹ̀, ẹ ò rúbọ.”

Ọlátẹ́jú, ẹni tó gbọ́n ju olóòṣà lọ, bú sẹ́rìn-ín nígbà tí àbúrò rẹ̀ jíṣẹ́ fún un. “Ṣé òfin bàámi ni kí n fi rúbọ? Dán an wò, má sì pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́!”

Ọ̀rọ̀ náà dun àbúrò rẹ̀ wọra. Síbẹ̀, ó rúbọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì. Fóònù kan dún. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó dún títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

Ìbídùnmọ́yè ní, “Ta ló ni ín? Gbé e!”

Mọ́rìnsọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbé e. Oníbàárà ni, láti Ìbàdàn, ó ń wá ọṣẹ dúdú tí ọmọ náà ń ṣe nílé. Ó béèrè pé báwo ni yóò ṣe tẹ òun lọ́wọ́? Bí kò bá dára, ta ni yóò gbà á padà? Ọmọ náà na fóònù sí olùkọ́ rẹ̀. Ó ti ń kọ́ ìṣòwò bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì mọ èsì tí yóò fún ẹni tó fẹ́ ra ọjà.

Ojú ti Ìbídùnmọ́yè, kò sì fi pa mọ́. “Ẹ̀bi mi ni. Ní kó dúró.” Ó yíjú sí pátákó, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Oníbàárà ra ọṣẹ. Mọ́rìnsọ́lá kò lọ mọ́, ó tún mú àwọn ọ̀rẹ́ wá. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, àga kò tó ní Ìlá. Ìbídùnmọ́yè tó gbẹ́bọ tó rú ń dúpẹ́ lọ́wọ́ arúgbó, arúgbó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà.

Ọlátẹ́jú tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín ń kábàámọ̀ ní Ìkìrun. Apẹ̀rẹ̀ baba rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Àràárọ̀ ló ń yọjú wò ó, kò sí fóònù kan nínú rẹ̀.